Èèpo Ìwé Àbíjàn

Bí àlejò bá wọ yàrá Ìyá Àgbà ní agbo ilé wa ní Ṣakí, ògiri ló máa kọ́kọ́ rí, kó tó rí bẹ́ẹ̀dì, kó tó rí àpótí aṣọ. Ògiri amọ̀ ni, wọ́n fi ẹfun kùn ún, èmi wá fi èèpo ẹ̀yìn ìwé òyìnbó bò ó láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mi lè tó bí mo bá gun àga. Àwòrán ló wà lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí mọ́ṣáláṣí, kò sí ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀kan jẹ́ ìlà dúdú mẹ́ta tó la àárín pupa kọjá. Ọ̀kan jẹ́ ewé aláwọ̀ aró tí kò jọ ewé igi kankan tí mo rí rí. Ọ̀kan sì wà, ká má purọ́, tó dà bíi pé adìẹ tẹ ẹsẹ̀ bọ aró, ó wá rìn kọjá lórí aṣọ funfun. Àwọn àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Sàfúrà, kí wá lèyí?" Èmi á ní, "Lẹ́tà ìyá mi ni." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí n kò ṣe àwàdà.

Àbíjàn ni ìyá mi wà. Nígbà tí mò ń wí yìí, agbára káká ni ká fi rí agbo ilé kan ní Ṣakí tí kò lẹ́ni ní Àbíjàn tàbí ní Gánà. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ìyá mi sì fi mí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá nǹkan ṣe. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí lọ́jọ́ tó lọ. Abọ́ tánganran ló ń tà níbẹ̀. Òyìnbó Faransé kan ń gbé ládùúgbò rẹ̀, ó fẹ́ràn ìwé, kúùkù òyìnbó náà sì máa ń kó àwọn ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti kà tán fún ìyá mi, kó fi máa di abọ́. Inú ìwé, tó fẹ́lẹ́, ló fi ń di abọ́ oníbàárà. Èèpo ẹ̀yìn, tó nípọn, ló fi ń di ẹrù tiwa. Bí ẹrù bá dé, Ìyá Àgbà á mú abọ́ tirẹ̀, Bàbá Àgbà á mú tẹ̀súbáà tàbí fìlà, èmi á mú bisikíìtì. Ṣùgbọ́n bisikíìtì kì í pẹ́ tán. Èèpo ìwé ni mo ń dúró dè. Màá fi ọwọ́ pa á títí yóò fi tẹ́, màá gbé e sí imú. Àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ìwé ìròyìn lásán. Ó nípọn, bí o bá fi ìka kàn án, ìka rẹ mọ̀ pé òun kan nǹkan. Ìyá Àgbà máa ń fi oríkì mi pè mí, á yọ ṣùtì sí mi: "Ẹ wá wò ó o! Èèpo iṣu, ewúrẹ́ là ń dà á fún. Àbẹ̀kẹ́ tèmi, èèpo ló ń kó jọ bí ọrọ̀."

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Bí mo bá pa ojú dé lónìí, mo ṣì ń gbọ́ agbo ilé náà. Omi kẹ́tù àlùwàlá Bàbá Àgbà ló máa kọ́kọ́ ró, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn awó tó ń sìn á bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn lórí òrùlé, bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ìpín. Èmi á gbá àgbàlá, màá pọnmi, màá gba ilé kéwú lọ, kí n tó gba ilé ìwé lọ. Ní ilé kéwú, à ń fi omi fọ wàláà wa lójoojúmọ́, tàdáà á ṣàn bọ́ sínú abọ́, pátákó á mọ́, a ó tún kọ òmíràn sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí wàláà yìí. Mo mọ ohun tí omi ń ṣe fún tàdáà. Kò sí ọmọ ilé kéwú tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó jókòó yí agbọ̀n ẹ̀gúsí ká, a ó máa bó o, pá, pá, pá, Ìyá Àgbà á máa sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè. Bó bá jẹ́ àsìkò èso igi èmi ni, òrí là ń ṣe, a ó pò ó nínú omi títí ọ̀rá á fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tí yóò funfun lójú omi. Oúnjẹ alẹ́ wa, iṣu àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú wàrà tí a rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, tí Ìyá Àgbà dín. Ẹyọ wàrà kan ni tèmi. Mo máa ń fi í sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn.

Bàbá Àgbà kò kọ́kọ́ gbà fún mi láti lẹ nǹkan mọ́ ògiri. Ó ní màláíkà àánú kì í wọ yàrá tí àwòrán ohun abẹ̀mí bá wà, Ìyá Súlíá sì ń kírun nínú yàrá náà. Súlíá ni orúkọ ìyá mi, òun ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Mo sunkún. Ìyá Àgbà bá mi bẹ̀ ẹ́: "Bàbá Súlíá, ẹ kúkú wò ó ná. Èwo ló jọ ènìyàn níbẹ̀?" Bó ṣe di pé a gbé ẹjọ́ àwọn èèpo ìwé mi jókòó nìyẹn. Bàbá Àgbà wọ awò ojú rẹ̀, ó kó wọn sórí ẹní, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn sókè sódò. Ìdájọ́ rẹ̀ rọrùn: èyí tó bá lójú kò gbọdọ̀ gun ògiri. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ya nǹkan wọ̀nyí kò jẹ́ kó rọrùn fún un. Ó fi ìka kan òbìrìkìtì dúdú kan.

"Sàfúrà, ṣé ojú nìyí?"

"Bàbá Àgbà, ilẹ̀kẹ̀ ni."

"Ilẹ̀kẹ̀ tó ń wò mí."

"Kò wò yín, Bàbá Àgbà. Bí ẹ bá yí i báyìí, ṣé ẹ rí i, ó di àgbá kẹ̀kẹ́."

Ó yí i. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí n ò bá rí ojú kejì, n ò lè pè é lẹ́nìkan." Báyìí ni gbogbo wọn ṣe gba àṣẹ, àfi ọ̀kan tó jẹ́ obìnrin, tó ní ojú méjì sí ẹ̀gbẹ́ imú kan ṣoṣo. Ìyẹn, Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ká a, ó ní kí n fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó ní ẹni tó ya irú èyí, Ọlọ́run ló mọ ohun tó jẹ lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi kò mọ̀wé, àwa náà kò sì kọ̀wé sí i. Ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà dé. Alájì kan ní agbo ilé kejì, Alájì Àbíjàn là ń pè é, òun ló ń gbé ẹrù náà wá bó bá ń bọ̀ láti ibi òwò rẹ̀. Á jókòó, á mu omi, á ní, "Súlíá kí yín o. Ó ní ara òun le. Ó ní òun ń bọ̀ bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ Alájì ń wú, kò lè rin ìrìn àjò mọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ dẹ́rẹ́bà kan sí ọwọ́ dẹ́rẹ́bà mìíràn ni ẹrù wa ń gbà wá. Gáréèjì là ń lọ gbà á. Ẹni tó bá fi lé wa lọ́wọ́ kò mọ ìyá mi rí, orúkọ Bàbá Àgbà nìkan ló mọ̀. Ẹrù ń dé, ọ̀rọ̀ kò dé mọ́.

Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèpo náà. Ó ní ìyá mi, Àdùkẹ́ òun, kì í ṣe ọmọ tí í di ẹrù lásán láì fi ọ̀rọ̀ sí i. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí," ó ní, "bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi." Àrokò ni. Nígbà tirẹ̀, ẹyọ owó mẹ́fà lẹni tọ́kàn rẹ̀ bá fà sí èèyàn ń fi ránṣẹ́, torí ẹ̀fà ni, ó fà mọ́ ọ nìyẹn. Ta ló wá sọ pé ìwé kò lè ṣe bí ẹyọ owó? Lọ́jọ́ tí èèpo kan dé tó ní òbìrìkìtì pupa káàkiri, Ìyá Àgbà ní kí n kà wọ́n. Mo kà á. Mẹ́fà ni. Obìnrin náà dìde lórí àpótí, ó fò sókè bí ọmọdé, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. "Ẹ̀fà! Bàbá Súlíá, ẹ̀fà ló wí! Ọkàn rẹ̀ fà sí wa!" Mo rí Bàbá Àgbà tó ń tún un kà. Èmi sì gbà á gbọ́ pátápátá. Títí dòní, bí mo bá rí àwòrán irú rẹ̀ níbikíbi, màá ti ka òbìrìkìtì rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mò ń kà á.

Lílẹ̀ wọn, iṣẹ́ tèmi ni. Ẹ̀kọ tútù ni mo fi ń lẹ̀ wọ́n. Màá fi omi pò ó títí yóò fi dà bí ògì, màá fi ọwọ́ kùn ún sí ẹ̀yìn èèpo dáadáa, màá gbé e mọ́ ẹfun ara ògiri, màá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Bó bá gbẹ, aáyán pàápàá kò ríbi wọ̀ ọ́. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí púpọ̀. Kò sí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn tó dára tó o.

Ó ku díẹ̀ kí Iléyá dé ni ẹrù kan dé. Abọ́ kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gèlè Ìyá Àgbà àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká roboto, tí wọ́n ta kókó méjì sí. Bisikíìtì kò sí níbẹ̀. Èèpo ìwé tó wà lára rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti gbà: àwọ̀ aró lásán, tó jinlẹ̀, pẹ̀lú ìlà funfun kan péré tó gun òkè lọ bí ọ̀nà oko. Mo yí i padà. Inú èèpo funfun ni, ẹnìkan sì ti fi ọwọ́ kọ̀wé kún un, pẹ̀lú irú pẹ́ńsù tó jẹ́ pé bí omi bá kàn án, a di àwọ̀ àlùkò. Mo rí i. N kò ní sọ pé n kò rí i. Mo gbé e sójú, mo gbìyànjú láti kà á, torí pé nígbà náà mo ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ojú mi sì ti là ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé náà. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe Yorùbá. Gbogbo ìwé tó wà lára àwọn èèpo náà ló ti jẹ́ èdè Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé òyìnbó tó ni ín ló kọ nǹkan tirẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá Àgbà ń wò mí. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá Àgbà. Ìwé àwọn Faransé ni."

Ó gbà á. Kí ló dé tí kò ní gbà á? Èmi ni mo mọ̀wé. Bó bá ṣe kéwú ni wọ́n kọ, Bàbá Àgbà ìbá kà á. Gáréèjì sì rèé, àwọn tó ń ná Kútọnu kún ibẹ̀, ẹni tó lè ka Faransé kò ní wọ́n láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó ronú kàn án. Mo po ẹ̀kọ, mo kùn ún lórí ọ̀rọ̀ náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó dára jù lára ògiri, ní ọ̀kánkán orí ẹní mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí.

Okùn ni Ìyá Àgbà gbájú mọ́. Ó gbé e sórí itan, ó ń fi ìka pa kókó rẹ̀ méjèèjì.  "Okùn gígùn," ó ní, "ọ̀nà ló ń wí. Kókó méjì. Ó ní ọ̀nà ti di kókó mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ká má retí òun títí ọdún méjì." Bàbá Àgbà ní, "Ìyá Súlíá, ẹ rọra o. Okùn lè jẹ́ okùn."  Ìyá Àgbà so okùn náà mọ́ ìṣó tí tẹ̀súbáà rẹ̀ wà. Èmi lọ sẹ́yìn àká, mo sunkún débi pé n kò fẹ́ ẹran Iléyá. Àwọn ọmọ agbo ilé ń jẹ ẹran àgbò, ọ̀rá ń ṣàn lẹ́nu wọn. Mo ń sọ ọ́ nínú mi pé bàtà wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn, ìyá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi, ọdún méjì.

Lẹ́yìn èyí, ẹrù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jìn síra wọn. Ó tó oṣù mẹ́ta, ó tó mẹ́fà. Nígbà tó yá, nǹkan tèmi kì í sí nínú rẹ̀ mọ́. Inú bí mi. Mo jẹ́ ọmọ tí í di ìbínú, mo ṣì jẹ́ àgbàlagbà tí í dì í. Mo sọ fún ara mi pé ìyá tó gbàgbé mi, èmi náà á gbàgbé rẹ̀. Ìyá Àgbà á máa wí pé, "Àjò kì í dùn kónílé má relé, á wálé," èmi á yí ojú sí ògiri. Kò wálé. Ìbà ló pa á lọ́hùn-ún, lọ́dún tí mo jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo wọ ilé ìwé mọ́dà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá kí ìròyìn tó bá wa. Nígbà tí Ìyá Àgbà náà lọ, mo tú okùn yẹn lára ìṣó, mo fi sínú àpótí mi, pẹ̀lú obìnrin ojú méjì tí Bàbá Àgbà lé kúrò lára ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi lọ kọ́ èdè Faransé, tí mo sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn ní Faransé, màá ní nítorí iṣẹ́ ni. Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ gbọ́ èdè ibi tí ìyá mi dákẹ́ sí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọmọ àbúrò ìyá mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wó ilé amọ̀ náà, kí òun fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Mo ní kó dúró dè mí. Tíṣà tó ń kọ́ni ní yíya àwòrán ní ilé ìwé tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọkùnrin kan tó máa ń pè mí ní Màmá, bá mi lọ. Òun ló sọ fún mi ohun tí àwọn èèpo náà jẹ́. Ó ní àwọn kan wà nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń wá wọn kiri, tí wọ́n ń kó wọn jọ sínú gíláàsì, torí pé òkúta ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Ayàwòrán á fi ohun ọlọ́ràá yàwòrán sórí òkúta pẹrẹsẹ. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi tàdáà kùn ún. Ibi ọ̀rá nìkan ni tàdáà máa mú, torí omi àti ọ̀rá kì í jọ gbé. Ọmọ ilé òrí ni mí, kò nílò láti tún ìyẹn sọ fún mi. "Wọ́n á wá gbé ìwé lé e, Màmá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn," ó ní. "Nítorí náà, òdì ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà lórí òkúta." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń kó nǹkan jọ láti kékeré, àgbà ló wá mọ ohun tó ń kó.

Ó fi kànrìnkàn àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ̀kọ mi, ó ń ká wọn kúrò díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi le fún un. Nígbà tó kan aláwọ̀ aró, ó gbé kànrìnkàn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo nǹkan." Ìwé náà ti kúrò. Lára ẹfun, níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ àlùkò kún ojú ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òdì-òdì, láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ̀kọ tí mo fi kùn ún ló rẹ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mò ń fọ wàláà lójoojúmọ́. Ọmọkùnrin náà lọ mú dígí wá nínú mọ́tò rẹ̀, ó gbé e dání fún mi, mo kà á, mo ń yí Faransé rẹ̀ padà sí Yorùbá nínú mi.

"Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ọmọ ilé tí mò ń gbé ló ń bá mi kọ ọ́, Faransé nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ, ẹ wá ẹni tó máa kà á fún yín. Okùn tó wà nínú ẹrù, ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo ta kókó méjì yẹn sí i. Ẹ fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ta kókó kẹta síbi tó bá dé báyìí, kẹ́ ẹ dá okùn padà fún mi. Bàtà tó máa wọ̀ wá bá mi ni mo fẹ́ rà. Mo ti rí ilé ìwé fún un."

Ọmọkùnrin náà ń bi mí pé, "Màmá, kí ló wí? Kí ló wà níbẹ̀?" Mo ya ẹnu láti dáhùn, ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni "Kò sí nǹkan kan." Mo gbé e mì. Mo sọ fún un pé ìyá mi ló kọ̀wé sí mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀.

Mo ti mú okùn náà dání láti Ìsẹ́yìn, n kò lè sọ ìdí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹní mi máa ń wà, mo bọ́ bàtà mi, mo tẹ́ okùn náà sílẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ lé kókó àkọ́kọ́. Kókó kejì kò dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ìyá mi gbé e sọ́kàn dé Àbíjàn, kò gbàgbé bó ṣe gùn tó. Mo ta kókó kẹta síbi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi dé, mo fà á kó le, mo ká okùn náà roboto bó ṣe ká a. Mo wá jókòó síbẹ̀, mo dì í mọ́wọ́, n kò mọ gáréèjì tí mo lè gbé e lọ.